Ẹ̀rọ Tó Ń Ké, Kì í Ṣe Orin Ló Ń Kọ

Ẹ̀yin ará Ore, ẹ̀yin ará Odigbó, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi igi jẹun láti Oníparágà títí dé Ajùé, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí mi ṣì pé, etí yìí ló sì ń fìyà jẹ mí. Bí mo bá jókòó síwájú ilé láàárọ̀, tí ẹ ti tan ẹ̀rọ ìlagi yín lọ́ọ̀ọ́kán, mo mọ èyí tí ara rẹ̀ dá, mo sì mọ èyí tó ń jẹ̀rora. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ẹ̀rọ márùn-ún ni mo gbọ́, mẹ́ta ń ké nínú wọn. Mo gbé ọ̀pá mi, mo rìn lọ bá ẹni tó sún mọ́ mi jù. Rédíò ló yí sókè kó má baà gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń wí. Ó ní, “Bàbá, bó ṣe máa ń kọrin nìyẹn.”

Kì í ṣe orin, ọmọ mi.

Ẹ̀rọ tí mò ń wí ni ẹ̀rọ ìlagi alágbèéká, èyí tí wọ́n ń gbé lọ bá gẹdú nínú oko dípò kí gẹdú máa wá bá a ní sọ̀mìlì. Àwa tí a dàgbà sídìí ẹ̀rọ ìlagi ńlá tí wọ́n ń pè ní CD, èyí tí wọ́n fi símẹ́ńtì dè mọ́lẹ̀, kò kọ́kọ́ kà á sí. A ní ohun ìṣeré ni. Wood-Mizer ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1982, àwọn oníṣẹ́ irin ilẹ̀ wa náà sì ti ń rọ tiwọn. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Wíìlì méjì ni, ayùn tó rí pẹlẹbẹ bí ìgbànú kọjá lórí méjèèjì, ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, ìkejì ń tẹ̀ lé e. Gbogbo orí ẹ̀rọ náà á máa rìn lórí irin gbọọrọ, á sì máa bẹ́ gẹdú ní pákó pákó. Ọgbẹ́ tí ayùn náà ń dá sí igi lára kò ju mílímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Séènsọ̀ tí àwọn kan fi ń lagi nínú igbó a máa jẹ tó mẹ́jọ sí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹ̀ lásán sì ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Nítorí náà, ẹni tó bá lo ẹ̀rọ yìí dáadáa ń ṣe igbó lóore. Ọ̀rọ̀ wà nínú “dáadáa” yẹn.

Nínú wíìlì kọ̀ọ̀kan ni bẹ́árìn wà. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú: òrùka irin kan nínú òrùka irin mìíràn, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké láàárín wọn. Ọmọdé lè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n wíìlì tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ a máa yí tó ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fi í ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ ti yí i nígbà 480,000 kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ bá mi wá ẹran ara tó lè gba ìyẹn lójoojúmọ́ láìbéèrè omi àti òróró.

Ẹ má bínú bí mo bá mẹ́nu kan Ògún. Ọmọ Oǹdó ni ìyá mi, a kì í fi Ògún ṣeré nílé wa. Lọ́dọọdún ẹ ń pa ajá fún ẹ̀rọ yín, ẹ ń ta epo pupa sí i lórí, ẹ ń so màrìwò mọ́ ọn. Kò burú, èmi náà ti jẹ nínú ẹran rẹ̀. Àmọ́ mo yẹ ẹ̀rọ kan wò lọ́jọ́ kejì ọdún: epo pupa ń ṣàn lára rẹ̀, màrìwò tutù yọ̀yọ̀ lọ́rùn rẹ̀, bẹ́árìn inú wíìlì rẹ̀ sì gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni Ògún. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí inú rẹ̀ ń dùn sí irin tó ń jẹ irin. Ẹ fún Ògún ní ajá rẹ̀, kí ẹ sì fún bẹ́árìn ní gíríìsì rẹ̀, nítorí ọ̀kan kò lè gba ti ìkejì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí kò pọ̀: bẹ́árìn kì í kú ikú òjijì. Ó ń ṣàìsàn, ó ń sọ pé òun ń ṣàìsàn, ó sì ń sọ ọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Á kọ́kọ́ máa kùn hùnhùn bí oyin inú igi. Bí ẹ kò bá dá a lóhùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Lẹ́yìn náà ni á wá máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, bí ẹni ń mi òkúta nínú agolo. Ẹni tó bá dé ibi kẹ̀kẹ̀kẹ̀ tó ṣì ń lagi, kó mọ̀ pé ewu ti dé tán. Nígbà tí ẹ bá pa ẹ̀rọ tán, tí wíìlì ti dúró, ẹ gbé ọwọ́ lé ibi tí bẹ́árìn wà. Bí ọwọ́ yín kò bá lè jókòó níbẹ̀ títí ẹ ó fi ka oókan dé ẹẹ́wàá, àìsàn ti wọ̀ ọ́. Ìkòkò tó máa jẹ ata ni ìdí rẹ̀ ń gbóná, ìdí wíìlì kò sí nínú ẹjọ́ yẹn. Ẹ tú ayùn sílẹ̀, ẹ di wíìlì mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bó bá ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ yọ ọ́. Pákó pàápàá ń jẹ́rìí: èyí tó nípọn níbí tó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, tí ojú rẹ̀ ń ru bí omi lagbami, ẹ má máa bú ẹni tó pọ́n ayùn kí ẹ tó wo wíìlì.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwa tí a ń gé ìrókò jẹun ló yẹ kó mọ òwe yìí jù, àwa gan-an la sì gbàgbé rẹ̀.

Mo ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Nínú oko kan lẹ́yìn Àṣẹ́wẹ̀lé ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi mẹ̀láínà la ń là. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ́rì gbé ẹ̀rọ náà dé láti ibòmíràn ni, kò sì ṣe nǹkan kan níbi tó ti ń bọ̀. Bó ṣe dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ọ̀gá, wíìlì ọwọ́ òsì ń hó.” Mo ní kó dákẹ́. Ọkọ̀ tó máa kó pákó lọ sí Èkó ti wà lójú ọ̀nà, awakọ̀ ń fọn fèrè, gẹdú méjì péré ló kù. Mo ní ká la méjì yẹn tán ká tó wò ó. Ìbòrí wíìlì náà ti kúrò lórí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́ nítorí ìyẹ̀ ń dí sí i. Gẹdú àkọ́kọ́ parí. A dé ìdajì èkejì, bẹ́árìn gan, wíìlì dúró gbọnrangandan, ẹ́ńjìnnì kò dúró. Ayùn já. Kò sí ìbòrí tó máa dá a dúró. Ọmọ náà na ọwọ́ ọ̀tún láti dáàbò bo ojú rẹ̀.

Ìka mẹ́rin ló lọ.

Nígbà tí a tú wíìlì náà, bẹ́árìn inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ aró, èyí ni àmì pé iná ti jẹ ẹ́. Ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà ti ṣí pẹ́pẹ́pẹ́ bí èèpo ọgbẹ́. Gíríìsì inú rẹ̀ dúdú, ó le bí ọ̀dà ojú títì. Gbogbo ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Owó tí à bá fi ra òmíràn lọ́jọ́ náà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán gbogbo wa.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú títì Ṣàgámù sí Bìní nígbà tó fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lè fojú inú wò ó. Ẹ̀rọ tí kò yí, tó kàn dúró lórí lọ́rì tó ń gbọ̀n, bọ́ọ̀lù inú bẹ́árìn rẹ̀ ń fò lójú kan náà, ó ń lù ú, ó ń lù ú, títí yóò fi gbẹ́ kòtò kéékèèké síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà kan, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó mọ́tò tuntun láti Detroit, bẹ́árìn ẹsẹ̀ wọn á sì ti bàjẹ́ kí wọ́n tó sọ wọ́n kalẹ̀, mọ́tò tí kò tíì rin máìlì kan! Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kúrò lójú kan, ẹ tú ayùn kúrò lórí rẹ̀, ẹ fi rọ́bà tàbí táyà tó ti gbó sábẹ́ wíìlì àti sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ dè é kó má gbọ̀n. Bó bá sì délé, kí ẹ fọwọ́ yí wíìlì ná kí ẹ tó tan iná sí i.

Ìyẹ̀ igi àti omi ni ọ̀tá kejì. Omi tí ẹ ń kán sórí ayùn kí oje má baà lẹ̀ mọ́ ọn, bó bá pàdé ìyẹ̀, bí ẹ̀kọ ló ń rí. Á lẹ̀ mọ́ ojú bẹ́árìn, á gbẹ, á máa ha rọ́bà tó bo ojú rẹ̀ títí yóò fi já, inú sì ṣí sílẹ̀ fún ìdọ̀tí nìyẹn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún nírọ̀lẹ́. Ẹ má fi ẹ̀rọ omi tó ń tú jáde gbàà fọ̀ ọ́, nítorí á ti ẹ̀kọ náà wọlé ni. Ẹ sì jẹ́ kí n bá àwọn tó ń kún gíríìsì sínú ilé bẹ́árìn dẹ́nu wí: kì í ṣe ikùn àgbẹ̀. Bí ẹ bá pín ààyè rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, ọ̀kan ni kí ẹ kún. Èyí tó bá kún dẹ́nu a máa po ara rẹ̀, ooru á mú un, á yọ́, á sì jáde kúrò níbi tí ó yẹ kó wà. Àwọn bẹ́árìn tí wọ́n kọ 2RS sí lára ti ní gíríìsì tiwọn nínú, wọ́n sì fi rọ́bà dí i níhà méjèèjì. Ẹ̀yin a wá fi sukurudírafà já rọ́bà náà, ẹ ó fi bẹntiróòlù fọ inú rẹ̀, ẹ ó ní ẹ ń tún un ṣe.

Fífà ayùn le ńkọ́? Ẹ rò pé bó bá le jù ló ń là jù, ẹ kò mọ̀ pé ẹrù lẹ ń dì lé bẹ́árìn lórí. Lọ́dún 1947, ọmọ Sweden méjì, Lundberg àti Palmgren, gbé ìṣirò kan jáde tí gbogbo àwọn tó ń ṣe bẹ́árìn láyé ṣì ń tẹ̀ lé. Bí ẹrù orí bẹ́árìn oníbọ́ọ̀lù bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ọ̀kan nínú mẹ́jọ. Èyí tó yẹ kó lo oṣù mẹ́jọ, oṣù kan ni yóò lò. Bí ẹ bá sì parí iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ẹ dẹ ayùn náà. Bí ẹ kò bá dẹ ẹ́, ẹ ti lọ sùn, ẹ fi bẹ́árìn sílẹ̀ nínú ìrora.

Ní ti bí ẹ ṣe ń fi tuntun sí i, ojú mi ti rí nǹkan. Mo ti rí ọmọ tó gbé òòlù sókè tó ń lu òrùka ìta, tó sì jẹ́ pé òrùka inú ló yẹ kó wọ ọ̀pá. Gbogbo ìlù yẹn, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ló gbà á. Bẹ́árìn náà ti ṣèṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ wá páìpù tó ṣe déédéé pẹ̀lú òrùka inú, òun ni kí ẹ fi tì í, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́. Èyí tó burú jù ni ti ọ̀pá tó ti jẹ: ẹ ó gé agolo mílíìkì, ẹ ó wé e mọ́ ọ̀pá kí bẹ́árìn lè fún. Mo rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i. Èmi náà ti ṣe é rí, ìyẹn ni mo ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé ọ̀pá náà lọ fún tọ́nà kó fi irin kún un, kó sì fá a dọ́gba. Agolo mílíìkì kò lè gbé wíìlì fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Sven Wingquist, ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Gothenburg, ní Sweden, náà rí ìyọnu bẹ́árìn. Ilẹ̀ amọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ náà lé ń yẹ̀, ọ̀pá ẹ̀rọ ń wọ́, bẹ́árìn ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Kò so màrìwò mọ́ ọn. Ó jókòó tì í títí ó fi mọ ohun tó ń pa á, lọ́dún 1907 ó sì ṣe bẹ́árìn tó lè tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bá ọ̀pá lọ. Ibẹ̀ ni SKF ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ ń rí orúkọ rẹ̀ lára páálí lọ́jà. Ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe olówó ilé-iṣẹ́.

Páálí ni mo wí, ẹ gbọ́ mi yé. Orúkọ lè wà lára páálí kó má sí nínú irin. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ̀yin tí ẹ ń nu bẹ́árìn tòkunbọ̀ dán, tí ẹ ń dì í sínú páálí tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀mí wa ṣòwò. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú owó yẹn. Àjọ SON, tó ń bójú tó ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, wà fún irú ọjà báyìí, ẹni tó bá sì rí i kó fi tó wọn létí. Ẹni tó ń rà, kó wo nọ́ńbà tó wà lára irin fúnra rẹ̀, bóyá ó bá ti páálí mu. Nọ́ńbà náà ń sọ̀rọ̀: 6206, ẹ mú 06, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, 30 ni. Ihò inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 30. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́ tí kò pé, ẹ dá a padà.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ni ẹ̀rọ, ẹ̀yin ló kù tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Igbó Olúwà tí a ń wò yìí kì í ṣe ohun tí kò lè tán. Ìjọba gbin mẹ̀láínà síbẹ̀ nítorí ilé-iṣẹ́ ìwé Ìwópin. Ìwé náà kò jáde bí wọ́n ṣe lérò, àwa la wá ń fi igi náà la pákó. Pákó tó ru, tí ẹni tó ń rà á ní Èkó kọ̀, igi la fi ṣòfò, a ó sì padà lọ gé òmíràn dí i. Bẹ́árìn kan tó ti bàjẹ́ lè pa igi tí ó kù lóko láìsí ẹni tó mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó ń fi hámà ìjọba sàmì sí gẹdú, wọ́n ń gba owó, ó dáa, iṣẹ́ wọn ni. Èmi kò tíì rí ẹni tó wá fọwọ́ kan wíìlì rí. Ní yunifásítì FUTA, Àkúrẹ́, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nípa igbó àti igi. Kí ẹgbẹ́ àwa tó ń lagi kọ lẹ́tà sí wọn kí wọ́n máa rán akẹ́kọ̀ọ́ wá síhìn-ín, kí àwọn náà rí bí igi ṣe ń di pákó, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa bí a ti ń wọn nǹkan.

Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 sọ pé ibikíbi tó bá léwu lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìbòrí. Ẹ dá ìbòrí wíìlì yín padà lónìí, ìyẹ̀ dí sí i, kò dí sí i. Òfin mìíràn tún wà láti ọdún 2010, èyí tó ní kí ọ̀gá máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ àjọ NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí nǹkan gbà. Mélòó nínú wa ló ń san án? Ẹ má dá mi lóhùn. Kí ẹ kàn lọ sọ́fíìsì wọn.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ náà, bí ọ̀gá bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ náà. Bó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo rán yín. Kò sí ọkọ̀ pákó kankan tí kò lè dúró fún wákàtí kan. Ore wa yìí, ìlú tí wọ́n ti ja ìjà ogun Biafra lọ́dún 1967, tí gbogbo Yorùbá ṣì ń pòwe rẹ̀ pé “ó le kú, ìjà Ore”, ṣé fèrè awakọ̀ ló yẹ kó máa dẹ́rù bà á?

Ọmọ tí mo ní kó dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn ti di baba ọmọ. Dísẹ̀lì ló ń tà báyìí. Bí mo bá lọ rà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń gba owó lọ́wọ́ mi, gbogbo ìgbà tó bá sì nà án ló ń tọrọ gáfárà pé kí n má bínú. Èmi ló yẹ kó máa tọrọ rẹ̀.